Àáró Ọjọ́ Àlàmísì

Àlàádì, ọjọ́ kejìlá oṣù Iléyá, ọdún 1329

Ọdún ti lọ, ó ku egungun. Sàrátù ìyàwó mi sá ẹran tó ṣẹ́ kù sínú oòrùn, àwọn àṣá sì ń fò yí ilé ká bí ẹni pé àwọn náà dáwó sí àgbò. Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti bẹ́.

Ìyá wá kí wa láti Pàkátà. Ó jẹun tán, ó dìde, ó lọ dúró níbi tí yàrá rẹ̀ wà kó tó wó nínú òjò ọdún tó kọjá. Ìdí ògiri nìkan ló kù níbẹ̀, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ló sì ń sùn sí i. Mo ní kó máa sùn ní yàrá Sàrátù títí a ó fi mọ tirẹ̀. Ó ní, "Mùmíní, ìyá ọkọ tó bá ń bá aya ọmọ rẹ̀ sun yàrá kan, ìjà ló ń wá. N ó máa gbé lọ́dọ̀ Yísà ná." Àbúrò rẹ̀ ni Yísà, Bàbá Yísà lèmi ń pè é. Òun kò burú. Ládi ìyàwó rẹ̀ ni kò jẹ́ kó rọrùn, obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún Ìyá bí ẹni ń gbé e fún àlejò tí kò mọ ìgbà tí yóò lọ.

Mo ṣèlérí fún un pé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, inú yàrá ara rẹ̀ ni yóò wà. Ó ní àmín, ó sì ní kí n má búra.

Àwa mẹ́jọ tí a jọ kéwú lọ́dọ̀ Alfa kan náà ti jọ fohùn ṣọ̀kan pé a ó ṣe àáró ní ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, ilé kan ní Àlàmísì kan, nítorí ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ kéwú tí àwọn yòókù ń kọ́ máa ń sinmi. Gbogbo wa ó wa ilẹ̀, a ó gún amọ̀, a ó mọ ìpele àkọ́kọ́. Ìyókù, onílé yóò máa mọ ọ́n lé e bí ti ìsàlẹ̀ bá ṣe ń gbẹ. Ilé Gàní la ó ti bẹ̀rẹ̀, òun ni àgbà wa. Èmi ni mo kéré jù, èmi ni n ó gbẹ̀yìn. Kò burú. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ọwọ́ wọn yóò ti mọ́ iṣẹ́.

Àtìní, ọjọ́ kẹtàlá

Mo padà sí ọ́fíìsì lórí òkè òyìnbó. Málàmù Danjuma, ọ̀gá àwa akọ̀wé, ti jókòó kí n tó dé, ó le bí ẹni tí kò jẹ ẹran ọdún rárá. Òyìnbó fẹ́ ka gbogbo ilé ìlú kí òjò tó dé, yàrá kọ̀ọ̀kan, orí kọ̀ọ̀kan. Èmi ni n ó máa kọ ọ́.

Mo bi í bóyá mo lè máa gba àyè ní Àlàmísì. Ó ní, "Haba, Mùmíní! Òyìnbó fi Àlàádì sílẹ̀ fún ọ, o tún fẹ́ Àlàmísì. Ọjọ́ méjì lo fẹ́ máa fi sinmi láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Ìwọ lọba?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí mi sí ẹnu ara mi.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹtàlélógún

Àáró bẹ̀rẹ̀ ní ilé Gàní lónìí. Ọ̀dọ̀ àwọn ará àdúgbò Àlánàmú ni mo wà láti òwúrọ̀, mò ń ka ilẹ̀kùn. Mo gba alágbàṣe kan nídìí ọjà, ọkùnrin tó ki pọ́pọ́, mo ní kó lọ dúró fún mi. Ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, ó wá sọ fún mi nírọ̀lẹ́. Ohun tí èmi fúnra mi lè ṣe kò tó èyí tí ó ṣe. Tá a bá fẹ́ sọ òdodo, èrè ni Gàní jẹ.

Jímọ́ọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo rí Gàní lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ bíi mélòó kan tẹ̀ lé e, wọ́n gbé búùtà àlùwàlá rẹ̀ lọ́wọ́. Mo bi í bóyá èèyàn mi dé.

Ó ní, "Ó dé. Ó ṣeun. Orúkọ ẹ̀ gan-an kí ni?"

N kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ní kí ló kan orúkọ nínú amọ̀ gígún.

Ó ní, "Kò sí o. Nígbà tá a jókòó jẹun, a ò mọ ohun tá a máa pè é ni. Ọwọ́ ẹni la fi ń ṣe àáró, Mùmíní."

"Ṣé alágbàṣe náà ò lọ́wọ́ ni?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa lọ sílé. Gàní ti máa ń ṣe bí àgbà láti kékeré. Ọdún kan péré ló fi jù mí lọ.

Àlàádì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ ìsinmi mi. Mo fẹ́ lọ hú ìdí ògiri Ìyá kúrò kí n lé ewúrẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bá mi ṣe é. Gbogbo wọn wà nídìí kéwú wọn. Ọjọ́ tí wọ́n ráyè, n kò ráyè. Ọjọ́ tí mo ráyè, ohùn àwọn ọmọdé tó ń ka wàláà ni mò ń gbọ́ kiri.

Mo gbé ọlọ bàbá mi jáde, mo fi òkúta làntànà kan tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ sórí rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́. Iṣẹ́ bàbá mi nìyẹn kí ìlẹ̀kẹ̀ òyìnbó tó dé tó sọ ọjà rẹ̀ di yẹpẹrẹ. Èmi ò ṣe é fún títà. Ọwọ́ mi ló ń yún mi. Láàárọ̀ òkúta náà rí gbágungbàgun, ó dọ́tí. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó ti pupa, ó ti ń tàn. Mi ò rí ohun mìíràn nínú ayé mi tó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Sàrátù gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá pẹ̀lú oyún rẹ̀, ó ní, "Bàbá Hajarat, ṣé ìlẹ̀kẹ̀ lẹ ó fi mọ ògiri Ìyá ni?"

Mo ní kó lọ wo iná rẹ̀.

Àtìní, ọjọ́ kẹrin oṣù Múhárámù, ọdún 1330

Ọdún àwọn òyìnbó. Wọ́n ti ọ́fíìsì pa lónìí àti lọ́la. Mo lu ihò sí ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́fà, ọ̀kan là sí méjì. Ìyá wá, mo fi wọ́n hàn án. Ó gbé ọ̀kan wò nínú oòrùn, ó ní ọwọ́ mi fẹ́ jọ ti bàbá mi. Inú mi dùn. Ó wá dá a padà sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ kì í bo orí ẹni, Mùmíní."

Ó dùn mí. Ọjọ́ méjì péré ni mo rí sinmi. Ṣé èèyàn ò gbọdọ̀ ní ohun kan tó wù ú láyé yìí ni?

Àlàmísì, ọjọ́ keje

Àáró dé ọ̀dọ̀ Àdìsá. Mo rán alágbàṣe. Ti àkọ́kọ́ kò ráyè, mo rán ẹlòmíràn.

Àlàádì, ọjọ́ kẹwàá

Àṣúrà. Gbogbo ìlú jẹun, ikùn le bí ìlù. Mo gbé ẹran lọ sí Pàkátà fún Ìyá. Ládi gbà á lọ́wọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú ìnáwó àlejò yín." Ó rẹ́rìn-ín sí i. Bàbá Yísà wo ilẹ̀. Ìyá ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Mo mọ̀ pé ó gbọ́.

Àlàrùba, ọjọ́ ogún

Lónìí ni a ka àdúgbò Pàkátà. Mo ti ń bẹ̀rù ọjọ́ yìí. A dé ilé Bàbá Yísà, èmi, Málàmù Danjuma àti ọlọ́pàá kan. Danjuma ní kí wọ́n ka àwọn tó ń gbé ilé náà. Ládi ka ọkọ rẹ̀, ó ka ara rẹ̀, ó ka ọmọ mẹ́rin. Danjuma tọ́ka sí Ìyá lórí ẹní rẹ̀, ó ní èyí ńkọ́? Ládi ní, "Àlejò ni. Ó nílé ọmọ ní Gàmbàrí."

Danjuma yíjú sí mi, ó ní kí n kọ ọ́ síbi tó bá yẹ. Kò mọ̀ pé ìyá mi ni. Mo kọ ọ́: àlejò, obìnrin, kan. Ìyá ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ojú mi.

Bí a ti ń jáde, ó pè mí padà, ó ní kí n rọra máa lọ, pé ọyẹ́ pọ̀, kí n daṣọ bo àyà.

Sábítì, ọgbọ̀njọ́ oṣù Múhárámù

Alhamdulillahi. Sàrátù bí obìnrin ní ìyálẹ̀ta. Àwọn méjèèjì wà láàyè.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹta oṣù Sáfárù

Ìyá ló ń wẹ ọmọ. Ta ló tún fẹ́ wẹ̀ ẹ́? Ìyá Sàrátù ti kú tipẹ́. Ṣáájú kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Ìyá ti ń gbéra ní Pàkátà, tí yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wa nínú ọyẹ́ tó ń gé etí. Yóò gbé omi kaná, yóò fi òrí pa ọmọ, yóò nà án, yóò jù ú sókè gbé e, ọmọ á ké, yóò máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́ yóò tún wẹ̀ ẹ́, yóò sì rìn padà.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó sùn sí ọ̀dọ̀ wa fún oṣù yìí nìkan. Mo ní èmi yóò bọ́ sí gbàgede. Ó ní, "Kí wọ́n wá sọ pé Mùmíní ń sùn níta nítorí ìyá rẹ̀? Mọ yàrá mi fún mi, n ó wọlé."

Kò pariwo. Ìbá pariwo, ìbá sàn fún mi.

Sábítì, ọjọ́ keje oṣù Sáfárù

A sọ ọmọ lórúkọ, Rokibat. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi méjèèje wá, wọ́n ṣàdúà títí ojú ọmọ fi ń dán. Wọ́n jẹ ẹran, wọ́n gba orógbó àti obì. Obì ti wọ́n ní ọjà, gbogbo rẹ̀ ló ti gba ojú irin lọ.

Gàní mú mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àlàmísì tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ló kàn. Ṣé o máa wà nílé?"

Mo ní n ó wà nílé. Mo ní Danjuma kò lè kọ̀ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, ẹni tó bímọ.

Ó ní ó dáa. Ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, àwọn kan pè é kó wá ṣàdúà ìparí, ó lọ.

Àlàmísì, ọjọ́ kejìlá oṣù Sáfárù

Danjuma kọ̀.

Mo sọ fún un ní àná, ó ní òyìnbó fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá wo iye tí a ti kà. Ó ní ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, kó má padà wá mọ́. Mo wí fún Sàrátù pé kó ṣe oúnjẹ sílẹ̀ fún ènìyàn mẹ́jọ, kí Ìyá ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n sọ fún Gàní pé mo tọrọ àforíjì. Mo gba alágbàṣe kan fún ipò tèmi. Mo lọ. Òyìnbó kò wá. Wọ́n ní ẹṣin rẹ̀ ń tiro. A jókòó títí di àsárì, à ń lé eṣinṣin.

Mo dé ilé, ògiri ti ga ju orí mi lọ. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Ìpele mẹ́ta lọ́jọ́ kan! Mo ní àwọn ènìyàn mi yìí mà ga o. Mo pe Sàrátù pé kó wá wò ó.

Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó ní, "Àwọn ta lẹ ní kí n se oúnjẹ fún?"

Mo ní Gàní àtàwọn yòókù.

Ó ní, "Gàní ò wá. Àdìsá ò wá. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó wá nínú wọn. Alágbàṣe mẹ́jọ ló dé síbí, tiyín pẹ̀lú. Kálukú wọn ní ẹnì kan ló rán òun, pé kí òun wá dúró fún un."

Mo ní kí ló ń wí.

Ó ní, "Ẹ lọ bi Ìyá. Ìyá lọ dúró tì wọ́n, ó ní amọ̀ kò tíì gún, ó ní kí wọ́n má lé ìpele kejì títí ti àkọ́kọ́ yóò fi gbẹ. Wọ́n ní, 'Ìyá, wọ́n ní ká parí ẹ̀ lónìí ni. Ẹni tó rán wa ò sọ pé ká padà wá.' Wọ́n jẹun tán, wọ́n lọ. Mi ò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn."

Ìyá ti padà sí Pàkátà. Ó ń wúkọ́ bó ti ń lọ, Sàrátù ní. Mo fi ìka tẹ ògiri náà. Ìka mi wọ inú rẹ̀.

Jímọ́ọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

N kò lè dúró títí a ó fi kírun. Mo lọ bá Gàní ní ilé rẹ̀ láàárọ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí sí mi?"

Ó ní kí n jókòó. N kò jókòó.

Ó ní, "Bó o ṣe rán sí wa la ṣe rán sí ọ. Àlàmísì méje lo fi rán ènìyàn sí wa, a gbà á, a ò bínú. Àbí alágbàṣe ò lọ́wọ́ ni?"

"Iṣẹ́ òyìnbó ló dè mí mọ́lẹ̀! O mọ̀!"

"Mo mọ̀. Àwa náà ní iṣẹ́."

"Àlàmísì ni ọjọ́ ìsinmi tiyín!"

"Ṣé o ti béèrè rí bóyá a lè yẹ̀ ẹ́ sí ọjọ́ mìíràn fún ọ? O ò béèrè. O kàn ń rán ọkùnrin wá."

Kò gbóhùn sókè. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Mo sọ fún un pé ìyá mi ni ẹ̀yin fi ẹ̀tàn yìí jẹ níyà, kì í ṣe èmi. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Ó ní, "A ò rò ó débẹ̀." Mo jáde. Lójú ọ̀nà ni mo ti wá rántí pé èmi náà kò rò ó débẹ̀ rí. Inú tún bí mi sí i.

Àlàrùba, ọjọ́ kejìdínlógún

Ògiri ti là ní igun méjì láti Àlàádì. Lónìí ó wó. Ó pa ewúrẹ́ kan. Ẹni tó ni ewúrẹ́ náà ti ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà kí n tó ti ọ́fíìsì dé. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ògiri.

Àlàádì, ọjọ́ kejìlélógún

Mo wá ọ̀mọlé kiri ìlú. Gbogbo wọn ló wà lórí òkè, tí wọ́n ń mọ ilé fún àwọn òyìnbó. Ọ̀kan sọ fún mi pé tí òjò bá ti rọ̀ ni kí n padà wá. Mo bi í pé kí ni n ó fi ògiri ṣe nígbà náà.

Mo bọ́ṣọ, mo wa ilẹ̀ fúnra mi, mo gún amọ̀. Hajarat ọmọ mi ń pọn omi pẹ̀lú igbá kékeré rẹ̀. Nígbà tí oòrùn wọ̀, mo ti mọ ohun tó tó orúnkún mi ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yìn mi dà bí ẹni pé ẹṣin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. N kò fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ìyá kò wá wẹ ọmọ lónìí. Sàrátù wẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó ń sunkún. Mo gba Pàkátà lọ nígbà tí mo tọ́fíìsì dé. Àyà Ìyá ń dún bí ewé gbígbẹ. Ládi ló jókòó tì í, ó ń fún un ní àgúnmu nínú ẹ̀kọ gbígbóná. Ó wolẹ̀ kí mi, kò ṣẹ̀fẹ̀. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ìyá ní, "Ó dé ibo?"

Mo ní ó ti dé orúnkún.

Ó ní, "Ó ń lọ sókè nìyẹn."

Àlàádì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ó dé ìbàdí. Mi ò lè yára ju bẹ́ẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ò tíì gbẹ. Ooru ti bẹ̀rẹ̀, ọyẹ́ ti ń lọ, ojú ọ̀run ń ṣú nírọ̀lẹ́, kò sì rọ̀. Kó má rọ̀ o.

Jímọ́ọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù Rábíù-Àwálì

Àwọn ènìyàn ń ka ìtàn Ànábì ní gbogbo mọ́ṣáláṣí. Mo jókòó lẹ́yìn kí n má baà kan Gàní lójú. Ó wá mi wá. Ó ní, "Ìyá ńkọ́?" Mo ní ó wà. Ó ní kí ni wọ́n ń fún un. Mo ní kí ló kàn án.

Gàní ní, "Jẹ́ ká wá ní Àlàmísì. Àwa fúnra wa."

Mo ní a ò fẹ́. Mo ní ẹni tó rán alágbàṣe lánàá kó máa rán an lọ. Ohun tí mo fi ẹnu mi sọ nìyẹn, ní ọjọ́ ìbí Ànábì, nígbà tí ògiri ìyá mi wà ní ìbàdí.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìyá ti kú. Mo ti wà lórí òkè nígbà tí wọ́n rán sí mi. Bàbá Yísà ní lẹ́yìn àsùbá ni, ó kírun ní ìjókòó, kò gbé orí sókè mọ́.

Wọ́n gbé e wá sí Gàmbàrí. Ládi ló sọ ọ́ fún mi pé Ìyá ti ní inú yàrá òun ni kí wọ́n sin òun sí, bó ti wù kó rí.

Mo sáré dé ilé, àwọn méjèèje ti wà nínú ògiri tó tó ìbàdí yẹn, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀. Àtàláátà ni. Wọ́n tú gbogbo ọmọ kéwú wọn ká, kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè wọ́n lọ́dọ̀ mi. Gàní wà nínú ihò, ó ti wọ̀ ọ́ dé àyà, amọ̀ bò ó dé irùngbọ̀n. Àdìsá ń gba iyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí ọkọ́.

Gàní ní, "Jókòó, Mùmíní. Tòní kì í ṣe àáró."

Wọ́n kírun sí i lára. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀. N kò mọ ohun tí mo sọ sí ẹnikẹ́ni.

Àlàmísì, ọjọ́ kejìdínlógún

Wọ́n wá láàárọ̀ pẹ̀lú ọkọ́, gbogbo wọn. Mo fẹ́ lé wọn jáde. Omi ni mo pọn fún wọn. Danjuma rán ènìyàn pé òyìnbó ń béèrè mi. Mo ní kó lọ sọ fún un pé mo wà nínú àáró. Ó lọ. Bó bá lé mi, kó lé mi.

Wọ́n gún amọ̀ náà títí ó fi rọ̀ bí ìyẹ̀fun. Wọ́n mọ ìpele kan ṣoṣo, wọ́n fi ewé bò ó, wọ́n dáwọ́ dúró nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Nígbà tí a jókòó jẹun, mo bi Gàní níṣojú gbogbo wọn: "Kí ló dé tí ẹ ò fi wá nígbà tó wà láàyè?"

Kò sí ẹni tó jẹun mọ́. Gàní nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí ìwọ ò fi wá nígbà tí àwa wà láàyè?"

Àdìsá ní kí a jọ̀ọ́, kí a jẹun. A jẹun.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ìpele tó kẹ́yìn. Wọ́n ti ń wá láàárọ̀ kùtùkùtù ní ọjọ́ mìíràn pẹ̀lú, kí kéwú tó bẹ̀rẹ̀, ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Lọ́la wọn ó gbé igi òrùlé lé e. Danjuma kò tíì lé mi. Ó bínú, ó ní kí n dín ẹnì kan kù nínú ìwé, ní ilé Bàbá Yísà. Mo dín in kù.

Àtìní, ọjọ́ kẹfà oṣù Rábíù-Sàánì

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án òní, òjò àkọ́kọ́ ọdún, pẹ̀lú ẹ̀fúùfù tó ya ẹ̀ka igi ẹ̀yìnkùlé. Mo sáré wọ yàrá Ìyá. Mo fọwọ́ kan ògiri yíká, igun kọ̀ọ̀kan. Mo gbójú sókè, mo ń tẹ̀ lé koríko òrùlé láti òpin dé òpin. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sórí ilẹ̀ ibi tó dùbúlẹ̀ sí.

Sàrátù bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó ní, "Kí lẹ ń wá, Bàbá Hajarat?"

Ibi tó ń jò ni mò ń wá. Kó jò níbì kan ṣáá, bó ṣe ẹyọ kan péré, kí n lè gba inú òjò náà lọ sílé Gàní, kí n bá a jà. Mo wá a títí òjò fi dá. Kò sí ibì kan tó jò.